Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Èdè, Èrò àti Iṣẹ́ Àṣedánwò Ifẹ̀

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ní oṣù yìí kan náà ni iṣẹ́ kan tí kò ní ariwo nínú bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A', ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní níbẹ̀ yóò fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́nsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, kì í ṣe fún ọdún kan tàbí mẹ́ta, bí kò ṣe fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti bi: ǹjẹ́ èdè tí ọmọ fi ń ronú nílé lè gbé ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1859, Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Nípa bẹ́ẹ̀, Yorùbá ti di èdè ìwé kí ìjọba amúnisìn tó dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 dé, ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba so owó ìrànwọ́ mọ́. Ibi tí owó bá sì gbà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes dámọ̀ràn èdè abínibí ní 1922. UNESCO náà sọ ní 1953 pé òun ni ó dára jù lọ fún kíkọ́ ọmọdé. Síbẹ̀, ohun tí ó fìdí múlẹ̀ ni pé kí a lo Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀. Láti kíláàsì kẹrin, ọmọ á máa fi èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa kọ́ ohun tí kò tíì mọ̀ rí.

Ẹrù méjì tí a gbé ka ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà yìí ni Babátúndé Fáfúnwá kọ̀. Èkó ni a ti bí i ní 1923, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn kò sọ pé kí ọmọ má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun tí a ń kọ́, kí ó má jẹ́ ògiri tí ọmọ ní láti fò kí ó tó rí ohunkóhun kọ́.

Ìkòkò tí ó wà lórí iná lè fi ọ̀rọ̀ náà yéni. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ dáná ti rí i pé omi ń hó, pé ooru rẹ̀ ń gòkè, pé bí a bá ṣí ìdérí, omi á máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó ti rí i pé aṣọ tí a sá sí oòrùn ń gbẹ, kò sì sí ẹni tí ó fún un gbẹ. Bí olùkọ́ bá bi í ní Yorùbá pé níbo ni omi náà lọ, ọmọ á ronú, á jiyàn, á tún béèrè. Bí olùkọ́ bá kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pe nǹkan náà sára pátákó, tí ó ní kí gbogbo kíláàsì pè é tẹ̀ lé òun, ọmọ á pè é. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà á ní ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìkòkò ìyá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ara pátákó lè má pàdé láéláé. Ohun tí èdè ń ṣe fún ìmọ̀ nìyí: òun ni ó ń so ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ mọ́ ohun tí a ti mọ̀.

Àwọn kan ṣe àtakò pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni kò bá ìmọ̀ òde òní mu, òǹkà ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí. Òtítọ́ ni pé òǹkà Yorùbá ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Ogún ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, àyọkúrò sì pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ogún dín márùn-ún, àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá, márùndínláàádọ́ta tún jẹ́ àádọ́ta dín márùn-ún. Adolphus Mann, ajíhìnrere ọmọ Jámánì, ti ṣe àlàyé ètò yìí fún àwọn òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì láti 1887. Ṣùgbọ́n ṣé ìdènà ni? Ọmọ tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá márùndínláàádọ́ta ti ní ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò lẹ́nu kí ó tó ṣí ìwé ìṣirò. Helen Verran, tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 pé ọ̀nà tí iye ń gbà ní Yorùbá yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé a lè lo méjèèjì pọ̀ nínú kíláàsì kan náà. Èdè ń la ọ̀nà fún èrò. Kò de èrò mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ìgbàgbọ́ nínú èdè nìkan ni àwọn ará Ifẹ̀ gbójú lé. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀: wọ́n fa òmíràn yọ láti inú èdè, wọ́n sì yá òmíràn lò. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ṣe ń lo ìwé náà. Wọ́n fi olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sí ìdí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè dáadáa kò lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974.

Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́, wọ́n sì tayọ nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Dìbú Òjẹ́rìndé, tí ó di olórí NECO àti lẹ́yìn náà JAMB, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò náà fún wọn. Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa iṣẹ́ náà nínú ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún UNESCO ní 1976. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kó gbogbo àbájáde jọ sínú ìwé kan ní 1989.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Ifẹ̀ ní ààlà. Èdè kan tí ó ní àwọn ènìyàn púpọ̀, tí a sì ti ń kọ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ni wọ́n lò. Èdè tí ó lé ní 500 ni ó wà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé kankan. Ìtàn Guinea tún kọ́ni lọ́gbọ́n. Láti 1968 ni ìjọba Sékou Touré ti fi èdè ìbílẹ̀ mẹ́jọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò tó. Nígbà tí Touré kú ní 1984, Faransé padà sórí àga. Àṣẹ ìjọba nìkan kì í sọ èdè di èdè ẹ̀kọ́.

Àìgbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ó tún ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 fi èdè abínibí mọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní 2010 láìrí i kí ọdún mẹ́fà náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà náà níkẹyìn, ṣùgbọ́n mínísítà ìgbà náà sọ pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí mínísítà sọ ni pé èdè abínibí ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ní oṣù tí ó ṣáájú, Ghana ti kéde pé kí àwọn olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní dandan.

Ó yẹ kí a fi ọdún ka ẹjọ́ yìí. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 2022 kò ní parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí di 2028. Àwọn tí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò WAEC ní 2025 ti jáde níbẹ̀ tipẹ́ kí ìlànà náà tó dé. Ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ kò lè jẹ̀bi. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní tòótọ́, tí a fún ní ìwé àti olùkọ́, ni àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́, àkọsílẹ̀ èsì wọn sì wà ní ilé ìkàwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé ni wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ròde.