Orílẹ̀-èdè Kì í Gbẹ́ Ère

Ẹni tí ó bá ń wá ilé ní Festac, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, yóò tètè ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà ni a fi ń pe àwọn òpópónà ńlá ibẹ̀. Láti Òpópónà Kìíní títí dé Ìkeje, kò sí èyí tí ó sọ fún àlejò pé nítorí àwọn oníṣẹ́-ọnà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú náà. Ilé àlejò ni, fún àwọn tí ń bọ̀ wá sí àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé.

Ìlú Dakar ni a ti ṣe àjọ̀dún kìíní ní 1966. Èkejì, FESTAC '77, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Orílẹ̀-èdè tí ó wá ju 50 lọ. Miriam Makeba, ọmọ South Africa tí ìjọba ìlú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó padà sílé, wà níbẹ̀. Iṣẹ́ Rubem Valentim wá láti Brazil. Ìpínlẹ̀ Bahia ni a bí i sí, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá wo àwọn ìlà tí ó fà dáadáa, yóò rí oṣé Ṣàngó nínú wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dé. Àmì àjọ̀dún náà ni ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Ìbíní, tí a fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897, British Museum sì kọ̀ láti yá wa. Wọ́n ní ó lè bàjẹ́ lọ́nà. Erhabor Emokpae ni ó ya àmì náà fún wa, a sì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ ti àkọ́kọ́? A mọ̀ pé ẹgbẹ́ Igbesanmwan ni ó ń gbẹ́ eyín erin fún ọba. Orúkọ ọkùnrin náà ti sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum kan náà, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ohun tí ìwé kò tọ́jú, ẹnu obìnrin kan tọ́jú rẹ̀ fún 50 ọdún.

Ní 1979, ìjọba dá CBAAC sílẹ̀ láti máa tọ́jú ohun tí FESTAC fi sílẹ̀. Ó wà ní Broad Street, l'Ékòó. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Ó dára kí a mọ ìlú tí iṣẹ́ kan ti wá, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kì í gbẹ́ ère. Ènìyàn ni ó ń gbẹ́ ẹ, ènìyàn a sì máa ní orúkọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ èdè, iṣẹ́ tiwa nìyí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1977 ti ń súnmọ́ 70 báyìí. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá irú wọn jókòó ní Festac, kí a sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ó gbé yàrá kejì, ohun tí ó gbẹ́, àti èdè tí ó fi kí wọn ní òwúrọ̀. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi í falẹ̀, nọ́ńbà ni yóò kù, nọ́ńbà kò sì ní oríkì.