Àìsàn Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ̀lé Ẹbí: Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Ìyá



Ọmọ kan lè ti máa rìn dáadáa, kó tó di pé ó ń kọsẹ̀ ṣáá. Díẹ̀díẹ̀, ẹran ojúgun rẹ̀ á gbẹ, ọwọ́ ò ní lè di nǹkan mú mọ́. Nínú irú àìsàn yìí kan, ohùn pàápàá á há. Kí làwọn èèyàn á sọ? Pé àjẹ́ ni, tàbí pé ìyá ọmọ ló jẹ èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀, bàbá àgbà ọmọ náà lè ti rìn báyẹn rí!

Ní 1886, dókítà Faransé méjì, Charcot àti Marie, kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Lọ́dún kan náà, Tooth, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, kọ tiẹ̀. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ń pè é títí dòní. Wọ́n rí i pé ó ń tẹ̀lé ẹbí, àmọ́ wọn ò mọ ohun tó fà á.

Ó di 2010 kí ìdí irú tó ń mú ohùn há tó hàn. Ta ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé ìwádìí náà? Guida Landouré, ọmọ Mali, ará Áfíríkà bíi tiwa! Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé jíìnì kan, TRPV4, ló yí padà. Jíìnì ni ìtọ́ni tí òbí fi sínú ara ọmọ. TRPV4 yìí ló ń ṣe ilẹ̀kùn kéékèèké tí kálísíọ́mù ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì. Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín bá ṣí kọjá ààlà, ṣé ọjà ò ní bàjẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni kálísíọ́mù ṣe ń ya wọlé, tí okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń bàjẹ́.

Bàbá lè fún ọmọ, ìyá náà lè fún un. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dà bí ìgbà téèyàn ju ẹyọ owó sókè. Kì í ràn, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn, àmọ́ àwọn kiné àti bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró ń ṣèrànwọ́. Ẹ gbọ́ o: bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣàdédé rọ, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ó lè jẹ́ polio. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ mú un lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé: "Ẹnì kan nílé wa rìn báyìí rí." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè la ọ̀nà.