Orí Ọlókun: Ojúlówó Tí Wọ́n Pè Ní Ayédèrú

Lọ́dún tó kọjá, mọ́mì mi ra bàtà kan fún mi tí lẹ́tà kan lé nínú orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Oníbàtà ti búra pé ọ̀rijínà ni. Ní ọjọ́ kìíní tí mo wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Baruwa níbí, àwọn ọmọ kíláàsì wa ka lẹ́tà náà síta, wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀rín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn ènìyàn ńláńlá tí ayédèrú ti tàn jẹ rí, kí n lè mọ̀ pé n kò dá nìkan wà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Orí Ọlókun, orí idẹ Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ rí: ojú tó pa rọ́rọ́, adé lórí, ọ̀já tó nà sókè níwájú adé náà. Kékeré rẹ̀ kan wà ní pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Igbó Ọlókun ni wọ́n ti rí èyí tó jẹ́ bàbá wọn, níbi tí àwọn ará Ifẹ̀ ti máa ń wa ilẹ̀ láti wá ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́. Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀, ó sì rà á ní £6, pẹ̀lú ìgò wisikí kan àti ṣílè díẹ̀. (Dádì mi ní wisikí náà á ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́.) Àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á fún un. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ifẹ̀, wọ́n sì ní kó dá a padà.

Ó dá orí padà, ṣùgbọ́n ó gba ògo rẹ̀ lọ. Ó sọ fún ayé pé kì í ṣe Yorùbá ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì. Irọ́ náà kò pẹ́ tó fi wó. Ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá bá orí idẹ mìíràn tó rẹwà bíi ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé òkun ló kó gbogbo wọn wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí. Ní 1948, wọ́n kó àwọn orí Ifẹ̀ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Underwood àti Fagg, yẹ Orí Ọlókun wò, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1949 pé ẹ̀dà ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ifẹ̀ àtijọ́ máa ń fi ìda oyin mọ orí, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yá a níná títí ìda á fi yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ní yanrìn ni wọ́n fi ṣe ti Ọlókun, bí iléeṣẹ́ òde òní ṣe ń ṣe. Bí èyí bá jẹ́ ẹ̀dà, ojúlówó dà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn dájú sọ Frobenius.

Ẹni tó gbéra láti lọ wá a ni Wole Soyinka. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà nínú ìwé rẹ̀, You Must Set Forth at Dawn, tó jáde ní 2006. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó gbọ́ pé ojúlówó wà nínú ilé kan ní Bahia, ní Brazil. Ọbásanjọ́, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, mọ̀ sí ìrìn àjò yìí. Wọ́n ṣe àlejò lọ sílé náà, wọ́n sì jí orí gbé. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé Dakar ní Senegal ni wọ́n rí i pé ó ti fúyẹ́ jù, lẹ́tà BM sì wà lára rẹ̀: British Museum! Irú èyí tí wọ́n ń tà fún àlejò ni. Ẹ wò ó, bàtà tèmi náà ní lẹ́tà lára.

Òdìkejì rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Gowon lọ sí London ní 1973, ó mú orí idẹ Bìní kan láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Ẹ̀dà ni wọ́n rò pé ó jẹ́ lọ́hùn-ún, àfi ní 2002 tí àṣírí tú pé ojúlówó ni.

Ti Ọlókun náà yí padà. Lẹ́yìn ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní London ní 2010, àwọn onímọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì ní ẹ̀rí ti 1949 kò dúró, pé iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí orí ọlọ́rí fi jẹ́ orúkọ burúkú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá mi lẹ́nu. Òyìnbó ló ní kì í ṣe tiwa, òyìnbó ló ní ayédèrú ni, òyìnbó náà ló tún ní ojúlówó ni. Àwọn ará Ifẹ̀ tí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ Frobenius ń kọ́, ta ló bi wọ́n léèrè?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ orí pálọ̀ wa kalẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé. N kò rí BM. Aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi báírò kọ ₦1,500, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ ₦1,200 sábẹ́. Mọ́mì mi ní òun ni òun ná an.