Ẹjọ́ Sájẹ́ǹtì Rutledge: Aláwọ̀ Dúdú Nínú Fíìmù Kọ́bọ́ì



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dàgbà sídìí fíìmù kọ́bọ́ì. Ẹṣin ń sáré, fèrè ogun ń dún, àwa náà ń pàtẹ́wọ́ fún sójà. Ẹni tí a kì í sábà rí lórí ẹṣin ni aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1866, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìjọba ṣòfin tó dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni.

Ní ọdún 1960, John Ford, tó ti ṣe Fort Apache ní 1948, gbé fíìmù Sergeant Rutledge jáde. Woody Strode ló ṣe Rutledge, sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ kẹsàn-án. Ọdún 1881 ni ìtàn náà dá lé. Wọ́n ní Rutledge fipá bá ọmọ ọ̀gá rẹ̀ lò pọ̀, ó pa á, ó sì pa bàbá ọmọ náà. Láyé ìgbà yẹn, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lásán tó láti so aláwọ̀ dúdú kọ́ igi láìdé ilé-ẹjọ́. Rutledge sá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àwọn Apache lúgọ de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó padà wá kìlọ̀ fún wọn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń dúró de òun. Níkẹyìn, oníṣòwò aláwọ̀ funfun kan jẹ́wọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ ológun.

Ohun ńlá ni èyí lọ́dún tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó ní Greensboro níbi tí wọn kì í ti í bu oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀, orúkọ Jeffrey Hunter, tó ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀, ló ṣáájú ti Strode.

Àwọn Apache ńkọ́? Wọ́n kàn ń yọ, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń ṣubú ni. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ilẹ̀ wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ìtàn gan-an, àwọn ẹlẹ́ṣin dúdú yìí wà lára àwọn tí ìjọba rán lé Victorio àtàwọn Apache rẹ̀ ní 1879 sí 1880. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni wọ́n rán lọ gba òmìnira ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1881 kan náà, ilé-ẹjọ́ ológun jókòó lóòótọ́ ní Fort Davis, Texas. Henry O. Flipper ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó parí ẹ̀kọ́ ológun ní West Point, ní 1877. Wọ́n ní ó kówó jẹ. Ilé-ẹjọ́ dá a láre lórí owó, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà rẹ̀ kò yẹ ọ̀gá ológun, wọ́n sì lé e kúrò níṣẹ́ ní 1882. Kò sí ẹni tó dìde jẹ́wọ́ fún un. Ó kú ní 1940. Ọdún 1999 ni Ààrẹ Clinton tó dárí jì í.

Ẹ jẹ́ ká máa wo fíìmù pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Bó bá parí, ká bi wọ́n pé: ta ni kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?