ÌWÉ, OYÈ ÀTI ÒṢÈLÚ NÍ ILẸ̀ Ẹ̀GBÁ, 1865 SÍ 1999

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá dandan ni kí ènìyàn kàwé dé yunifásítì kí ó tó lè di olóṣèlú. Kì í ṣe ìbéèrè inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán. Bí a bá mú ìlú Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan oúnjẹ àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn. Abúlé àwọn àgbẹ̀ ni Ìbàfò kí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní 1978. Ní ọdún kan náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Èkó ti ń ṣí wá, tí oko sì ń di ilé. Àwọn onílẹ̀ mọ ìtàn ààlà láti ẹnu baba wọn. Ọ̀pọ̀ àjèjì tí ó dé mọ ìwé tí a fi ń gba ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ta ni nínú wọn ni kí ó lọ jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òkè-Mọ́sàn, ní Abẹ́òkúta, ní orúkọ ìlú?

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ti fèsì apá kan. Kò béèrè oyè yunifásítì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ di aṣòfin, gómìnà tàbí ààrẹ ni pé kí ó ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n àṣà ti lọ jìnnà ju òfin lọ. Ní ọdún 1999 kan náà, Salisu Buhari, tí ó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní oṣù kẹfà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba oyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Irọ́ ni. Ní oṣù keje ó fi ipò náà sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ó tún purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí òfin béèrè. Irọ́ yẹn yé ni, òfin ni ó fẹ́ yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú un purọ́ nípa oyè tí òfin kò béèrè? Ìdáhùn náà wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, oyè, ni a ń pe ohun tí yunifásítì ń fún ni àti ohun tí ọba ń fi jẹ ènìyàn. Ìwé jẹ́ ohun èlò. Oyè jẹ́ ọlá. Bí a kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìtàn ìmọ̀wé nínú òṣèlú ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní yé ni.

Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ kò ní ìwé nínú ìṣèjọba wọn. Àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn Pàràkòyí ni wọ́n ń ṣe ìlú. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti gbé ní Sàró, ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìmọ̀wé wọ̀lú lọ́pọ̀, láti 1839. Ọ̀kan nínú wọn ni George William Johnson. Aránṣọ ni. Kò gba oyè kankan ní yunifásítì. Síbẹ̀ òun ni ó jẹ́ agbátẹrù ìgbìmọ̀ ìṣàkóso ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá tí a dá sílẹ̀ ní 1865, òun sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbé owó bodè lé ọjà tí ó ń jáde lọ sí Èkó, ó dá ètò ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń fi lẹ́tà dá gómìnà Èkó lóhùn ní èdè gómìnà náà. Èyí ni pàtàkì ìwé ní àkókò yẹn: Òyìnbó ti dé Èkó, ó ń kọ̀wé ránṣẹ́, ìlú tí kò bá lè kà á kò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n agbára Johnson kò ti inú ìwé wá. Àwọn olóyè ni wọ́n yá a ní agbára náà. Nígbà tí ọwọ́ wọn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà rọ, kò sì sí ohun tí kálàmù rẹ̀ lè ṣe sí i.

Ọ̀ràn Adégbóyèga Ẹdun ni ó yẹ kí a dúró tì pẹ́ jù. Jacob Henry Samuel ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó pa á dà. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó kí ó tó di akọ̀wé ìjọba ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá ní 1902. Bí a bá ní kí a wá ẹni tí ìwé rẹ̀ tó láti ṣe ìjọba ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà, bóyá ni a ó rí ẹlòmíràn tí ó jù ú lọ. Ó bá Aláké Gbádébọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904. Ọ̀nà là, omi ẹ̀rọ dé Abẹ́òkúta, ìwé ìṣirò owó wà létòlétò. Àwọn gómìnà amúnisìn yìn ín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ti ń gbòòrò, ìjíhìn ń yí ojú padà. Àwọn Ògbóni àti àwọn olórí ìlú kéékèèké, tí wọ́n ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú tẹ́lẹ̀, rí i pé èdè tí a fi ń ṣe ìjọba kì í ṣe tiwọn mọ́. A ń kọ ọ́, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń fi í ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n tó gbọ́.

Ní 1914 ọ̀rọ̀ náà bú gbàmù. A mú àgbàlagbà olóyè kan ní Ìjemọ̀, Ṣóbíyì Pọ́nládé, nítorí iṣẹ́ ọ̀nà tí a ní kí àwọn ènìyàn ṣe. Ó kú sí àhámọ́. Àwọn ará Ìjemọ̀ jáde, wọ́n ní kí a yọ Ẹdun kúrò. Ìjọba ké sí àwọn ọmọ ogun amúnisìn, àwọn ọmọ ogun náà sì yìnbọn lu àwọn ènìyàn ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó parí, Lugard ti fagi lé àdéhùn 1893 tí ó dá òmìnira Ẹ̀gbá mọ̀. Ìjọba tí a fi ìmọ̀wé gbé ró láti lè dá dúró níwájú Òyìnbó bọ́ sí ọwọ́ Òyìnbó náà. Kò ní tọ̀nà kí a di gbogbo ẹ̀bi ru Ẹdun, nítorí pé Lugard ti ń wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ẹdun, bí ó ti pọ̀ tó, kò fi hàn án pé àwọn tí kò lè ka ìwé rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Ní 1918 a gbé owó orí lé àwọn ènìyàn, ogun Adúbí sì bẹ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ hú ojú irin tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá.

Owó orí yìí kan náà, èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ àti lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ni ó mú apá kejì ìtàn náà wá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ní 1914, ọdún tí òmìnira Ẹ̀gbá parí. Ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1944 jẹ́ ti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà, àwọn ìyá ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Wọ́n sọ fún un bí a ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní àkókò ogun. Ìrẹsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yìnkùlé Ìbàfò ni Ọ̀fàdà wà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ìyá ọjà sì di ọmọ ẹgbẹ́ bí olùkọ́ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin obìnrin yìí àti Ẹdun kò sí nínú ìwọ̀n ìwé tí wọ́n kà. Ó wà nínú ibi tí olúkúlùkù kọjú sí. Ransome-Kútì bọ́ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró. Èdè Yorùbá ni ó ń fi bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ó lè jẹ́ pé àwọn ni wọn yóò wá ògbufọ̀. Nínú ilé, ó ń ka ìwé ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀, ó ń kọ ẹ̀sùn ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùkù. Àwọn obìnrin jáde ní 1947 àti 1948; a dá owó orí obìnrin dúró; Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, ó sì padà ní 1950. Ṣùgbọ́n kí a má fi ojú ìfẹ́ nìkan wò ó: obìnrin yìí kò wọlé sí ilé aṣòfin rí. Ó fìdí rẹmi ní 1951, ó sì tún fìdí rẹmi ní 1959 nígbà tí ó dá dúró lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fà á kalẹ̀. Ìwé àti ìfẹ́ ìlú kò tó láti borí ètò ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà ní ọwọ́ àwọn ọkùnrin.

Ní Èkó, Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, olórí àwọn ìyá ọjà, kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún, ní 1940, òun ni ó kó àwọn obìnrin jáde. Ìjọba sún un dé igba pọ́n-ùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè du ipò aṣòfin lábẹ́ òfin 1999.

Ní ti oyè yunifásítì fúnra rẹ̀, ìtàn fi hàn pé ó sábà máa ń dé lẹ́yìn òṣèlú ni, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ti wà nínú Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní Ìbàdàn kí ó tó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò nípa ẹ̀kọ́ orí ìwé ìfiránṣẹ́ ní 1944, kí ó tó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé jù, nítorí pé Ìbògùn-Ọláògún tí a ti bí i wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1958, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà àwọn ológun. Ó jẹ olórí orílẹ̀-èdè láti 1976 sí 1979, ó tún jẹ ààrẹ láti 1999 sí 2007. Ìjọba rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀ tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣí òpópónà tí ó sọ Ìbàfò di ìlú ńlá. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Gbangba ti Nàìjíríà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ní 2018.

Ohun tí ó kù ni Ìbàfò. Abala 318 nínú òfin 1999 fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan: kí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí ó ti gba ẹ̀kọ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ tó ọdún kan, kí ó sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì sọ ọ́ dé ibi tí yóò tẹ́ àjọ elétò ìdìbò lọ́rùn. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin dárúkọ. Àgbàlagbà tí ó mọ gbogbo ààlà láti Ìbàfò dé Ọ̀fàdà, tí ó sì ń ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá láì kọsẹ̀, kò mọ̀wé lójú abala yìí. Síbẹ̀ abala 97 nínú òfin kan náà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ilé náà lè fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un, bí àwọn ọmọ ilé bá fi ẹnu kò. Àwọn tí wọ́n ti wọlé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pinnu bóyá kí a fi Yorùbá kún un.