Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú? Ìtàn ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa bitcoin mọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ti kọ́ ní ilé ìwé rí wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń ra bitcoin díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí a bá òun yan ẹ̀rọ tí òun máa fi pa á mọ́. Olùkọ́ ìtàn ni wá, a kì í ṣe oníṣòwò. Ìtàn la sọ fún un.

Nígbà tí owó ẹyọ là ń ná, 20,000 ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tó ń wọni lọ́rùn ni. Bí olè bá tilẹ̀ dé, mélòó ló fẹ́ gbé sá? Bitcoin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009 kò wúwo rárá. Orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ àṣírí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè ná owó náà, kò sì sí báǹkì tí a lè sunkún lọ bá.

Inú kọ̀ǹpútà ilé làwọn kan kọ́kọ́ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yìí sí. Ní ọdún 2013, dísìkì tí kọ́kọ́rọ́ bíi 8,000 bitcoin ti James Howells wà nínú rẹ̀ bá ìdọ̀tí lọ sí ààtàn ìlú Newport, ní ilẹ̀ Wales. Ó bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ààtàn náà, wọn ò gbà.

Àwọn mìíràn fi tiwọn sílẹ̀ ní ilé pàṣípààrọ̀. Mt. Gox ní Tókíò ló tóbi jù nígbà náà, Mark Karpelès, ọmọ Faransé, ló ń darí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ó kógbá sílé, bíi 850,000 bitcoin sì ti pòórá. Wọ́n padà rí bíi 200,000. Ọdún 2024 ni àwọn tó ni owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bitcoin gbà padà níbẹ̀.

Olè ti ja Marek Palatinus, ará Czech, kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń háyà, wọ́n kó ju 3,000 bitcoin lọ. Òun àti Pavol Rusnák ló wá ṣe Trezor, tó dé ọjà ní 2014: ẹ̀rọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí kọ́kọ́rọ́ kì í jáde nínú rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún wà lára àwọn tó sọ nọ́ńbà gígùn náà di ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24, tí a ń ṣà láti inú 2,048. (Àkójọ ti èdè Faransé wà, inú wa dùn, àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò.) Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí á gba owó náà padà.

Ọdún 2014 náà ni Ledger bẹ̀rẹ̀ ní Paris, pẹ̀lú irú ṣíìpù tó wà nínú káàdì báǹkì. Ó ṣòro fún ẹni tó jí ẹ̀rọ náà láti tú u. Trezor ní tirẹ̀ ṣí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé láti yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ní 2020 àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí ẹ̀rọ náà bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n lè yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní 2023, Ledger kéde ètò kan tí yóò pín kọ́kọ́rọ́ sí mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ mẹ́ta, fún ẹni tó bá fẹ́. Ariwo sọ. Ṣé ẹ ò ti ní kì í jáde ni?

Nínú méjèèjì, a ò bá a yan ọ̀kan. A ní kó rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó má ra àlòkù. Bí ẹ̀rọ bá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 24 tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, ti olè ni. Ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ kà á, kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó má fi fóònù yà á. Lẹ́yìn náà la bi í pé ta ló mọ ibi tí ìwé náà máa wà bí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ó dákẹ́. Ó ní ìyàwó òun ò tíì mọ̀ pé òun ní bitcoin kankan. A ní kó lọ sọ fún un ná, kó tó ra ẹ̀rọ.