Ìdíje Blu-ray àti HD DVD

Ìdíje tó wáyé láàárín ọdún 2006 sí 2008 lórí àwo fídíò tí yóò rọ́pò DVD. Toshiba ló ṣagbátẹrù HD DVD. Sony, Panasonic àti Philips wà lẹ́yìn Blu-ray. Irú iná lésà kan náà ni méjèèjì ń lò, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í ka èkejì, oníbàárà ló sì jìyà rẹ̀ jù. Ìpele kan lára Blu-ray ń gba gígábáìtì 25, ti HD DVD ń gba 15. Àmọ́ PlayStation 3, ẹ̀rọ géèmù Sony, gan-an ló gbé Blu-ray lékè: ẹni tó ra ẹ̀rọ géèmù náà ti ra ẹ̀rọ Blu-ray mọ́ ọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. kéde pé òun yóò fi HD DVD sílẹ̀. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejì, Toshiba jáwọ́.